Igi Tó Ń Fọhùn Lókè Òkun

Ní nǹkan bí ọdún 1839, ní ìlú Paris, wọ́n po ẹfun, wọ́n fi gba àwòrán orí ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan. Joseph ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òṣífẹ́kúndé ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Ọmọ Mákùn ni, létí omi Ìjẹ̀bú, wọ́n sì bí i ní nǹkan bí 1798. Ní 1820, nígbà tó tó ọmọ ọdún 22, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò lọ sí apá Ìbíní. Àwọn Ìjọ̀ dá a lọ́nà lójú omi, wọ́n mú un, wọ́n tà á, ọkọ̀ sì gbé e dé Bràsíl. Ara ilẹ̀ Faransé kan ló sìn níbẹ̀, ọ̀gá yìí náà ló sì mú un dé Paris lẹ́yìn ọdún pípẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Marie Armand d'Avezac ti rí i. Ó jókòó tì í, ó bi í nípa ọba rẹ̀, ọjà rẹ̀, odò rẹ̀ àti èdè rẹ̀. Ní 1845, ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní ìwé. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Ìjẹ̀bú ṣáájú ìgbà tí òyìnbó dé kò lè fo ìwé náà kọjá, nítorí ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti jáde. Ère orí Òṣífẹ́kúndé náà ṣì wà: ojú rẹ̀, imú rẹ̀, ètè rẹ̀ tó pa dé.

Ère náà kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ní ká pa àṣà mọ́, nítorí ọ̀nà kan nìyẹn tí a fi ń pa nǹkan mọ́: ká po ẹfun, ká gba àwòrán, ká gbé e sórí pẹpẹ. Àwọn ènìyàn mìíràn wà tí wọ́n wọ irú ọkọ̀ tí Òṣífẹ́kúndé wọ̀, tí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n wá igi. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n sì kọ́ ọmọ bí a ṣe ń lù ú. Ìtàn àwọn yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Bí a ṣe dé ibẹ̀

Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àjèjì la ilẹ̀ òun kọjá. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wa nínú ogun Ìmágbọ̀n, oníbodè ló ń sọ ẹni tí yóò wọlé. Àmọ́ ibodè tó dá àlejò dúró kò dá ẹrú dúró. Àárín òkè àti etí òkun ni a wà. Ohun tó ń ti òkè bọ̀ gba ọwọ́ wa kó tó dé ọ̀sà, ènìyàn sì wà lára ohun tó ń ti òkè bọ̀. Nígbà tí ìjà ọjà Àpòmù di ogun Òwu ní nǹkan bí 1820, Ìjẹ̀bú bá Ifẹ̀ gbógun lọ, pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n fi òwò etí òkun rà. Òwu tú. Ogun náà ràn mọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí àwọn ọdún 1830 fi ń parí lọ, Ọ̀yọ́ Ilé náà ti di ahoro. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di ẹrù ọkọ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń sọ ìtàn yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó yẹ ká sọ ọ́ tán. Nínú wa ni a ti rí ẹni tí wọ́n tà, bíi Òṣífẹ́kúndé. Nínú wa náà ni a ti rí ẹni tó tà. Ìlù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àárín àwọn méjèèjì kọjá.

Lókè òkun, wọ́n fún wọn ní orúkọ tuntun. Ní Bàhíà, ní Bràsíl, Nagô ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó ń sọ èdè wa. Ní oṣù kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí Nagô àti Haúsá ṣọ̀tẹ̀ ní ìlú Salvador. Nígbà tí adájọ́ ń gba ẹjọ́ wọn sílẹ̀, àwọn akọ̀wé kọ ibi tí oníkálukú ti wá: Nagô-Ba fún Ẹ̀gbá, Nagô-Jexá fún Ìjẹ̀ṣà, Nagô-Jebu fún Ìjẹ̀bú. Ní Kúbà, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n, a sì rí Lucumí Yebú láàrin wọn. Ẹrú ni òfin kà wọ́n sí, síbẹ̀ oníkálukú ṣì ń dárúkọ ìlú rẹ̀.

Àwọn ènìyàn mìíràn ní ayé náà ti kó orin wọn kọjá òkun. Àwọn ará Croatia tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá kan sílẹ̀ ní 1894. Ní 1937, ẹgbẹ́ oníjó àti olórin tó ń lo ohun èlò olókùn tí wọ́n ń pè ní tamburica gbilẹ̀ ní yunifásítì Duquesne ní ìlú kan náà. Iṣẹ́ tó wúni lórí ni. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn lè gbé ohun èlò orin wọn lọ́wọ́ wọ ọkọ̀, wọ́n sì lè kọ lẹ́tà sílé pé kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́. Àwọn tiwa kò gbé nǹkankan lọ́wọ́, nítorí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n gbé dé Kúbà àti Bràsíl kò ju ohun tó wà nínú ọpọlọ àti nínú iṣan apá wọn lọ.

Àyànbí àti Àtàndá

Ní Havana, ìjọba Sípéènì gba àwọn ará Áfíríkà láyè láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-orílẹ̀. Cabildo ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń sìnkú ara wọn, wọ́n ń ra òmìnira fún ẹni tí agbára wọn bá ká. Wọ́n á fi orúkọ ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà síwájú ilé, òrìṣà á wà nínú yàrá. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní lọ́dọọdún, tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọba mẹ́ta, ìlù wọn á gba gbogbo ìgboro.

Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ará Kúbà, gba ìtàn ìlù bàtá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà onílù. Wọ́n sọ fún un pé ní nǹkan bí 1830, wọ́n kó ẹrú kan tó ń jẹ́ Àyànbí dé. Ẹni bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ irú ilé tí a ti bí i. Iṣẹ́ oko ìrèké ṣe é léṣe lẹ́sẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ẹrú. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí tó fi gbọ́ ìlù kan lókèèrè. Ó mọ ìlù náà. Ó sì tún mọ̀ pé kò pé, nítorí igi lásán ni wọ́n ń lù. Àyàn, òrìṣà ìlù, kò sí nínú rẹ̀.

Nígbà tó lè rìn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó wá ọkùnrin kan tó ti mọ̀ láti ilé kàn. Àtàndá ni orúkọ onítọ̀hún, agbẹ́gi sì ni. Àtàndá gbẹ́ ẹ, Àyànbí ṣe ètùtù rẹ̀. Àwọn méjèèjì bí àkójọ bàtá mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ní Àyàn nínú ní ilẹ̀ Kúbà. Lẹ́yìn èyí wọ́n gbẹ́ òmíràn, òmíràn sì tún tẹ̀lé e. Ortiz tún kọ ọ́ pé cabildo kan ní òpópónà Egido ní Havana, tí wọ́n ń pè ní Alákìísà, ni bàtá ti kọ́kọ́ dún. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn púpọ̀. Àwọn tí kò ní ju àkísà lọ lọ́rùn ni wọ́n gbé ìlù Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, dìde.

Wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ní ilé wa, ọmọ Àyàn ni ń lu bàtá. A bí wọn sí i ni. Bàbá á gbé omele lé ọmọ lọ́wọ́ kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ní Kúbà, òwò ẹrú ti tú agboolé ká. Bàbá lè wà ní oko kan kí ọmọ wà ní òmíràn. Bí wọ́n bá dúró de ẹ̀jẹ̀, ìlù á kú. Nítorí náà wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lu ìlù tó ní Àyàn, wọ́n á fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ètùtù, á búra, á di ọmọ Añá. Bí wọ́n ṣe ń pe Àyàn nìyẹn. Ìlù tuntun pẹ̀lú, ara èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló ní láti gba ohùn rẹ̀. Wọ́n á sọ pé ìlù yìí ni ó bí ìyẹn. Wọ́n á ka ìran ìlù bí àwa ṣe ń ka ìran ọba. Agboolé tí òkun fọ́, inú igi ni wọ́n ti tún un kọ́.

Kì í ṣe àwọn méjì yìí nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà. Babaláwo kan wà ní Regla, ní òdì kejì èbúté Havana, tí wọ́n ń pè ní Remigio Herrera. Adéṣínà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n mú un lẹ́rú, ó gba òmìnira, ó sì kọ́ ilé òrìṣà sí Regla, níbi tí wọ́n ti ń sìn Yemọja. Ọdún 1905 ló kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Josefa Herrera, tí orúkọ òrìṣà rẹ̀ ń jẹ́ Èṣùbí, ló tẹ̀ síwájú. Obìnrin yìí ló ń darí ìwọ́de Yemọja pẹ̀lú bàtá ní ìgboro Regla lọ́dọọdún títí di àwọn ọdún 1940.

Ẹnu àti ṣáṣá

Bí a bá gbé bàtá Ọ̀yọ́ àti bàtá Havana síwájú ara wọn, ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbejì. Tiwa fẹ̀ lójú kan, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lójú kejì, bí ìwo. Tiwọn fún díẹ̀ láàárín. Igi ọmọ̀ tàbí apá ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa máa ń wá. Àwọn wá sédà àti mahogany ilẹ̀ Kúbà. Awọ ewúrẹ́ ni àwọn méjèèjì ń lò. Ìyáàlù, omele abo, omele akọ àti kúdi ni tiwa. Mẹ́ta ni tiwọn, wọ́n sì ń pè wọ́n ní iyá, itótele àti okónkolo, tí àwọn míì tún ń pe ìkẹyìn yẹn ní omelé. Onílù tiwa gbé tirẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú ńlá, ó ń fi bílálà na ojú kékeré, ó sì ń bá egúngún rìn lọ. Onílù tiwọn jókòó, ó gbé e sórí itan, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń lù ú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Ojú kékeré bàtá, ṣáṣá là ń pè é. Ní Havana, chachá ni. Ojú ńlá, enú ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹnu. Ṣaworo tí a ń so mọ́ ìyáàlù, chaworó ni wọ́n ń pè é. Ìda dúdú tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú awọ kí ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀, wọ́n ń lò ó, wọ́n sì mọ̀ ọ́n bíi idá. Èdè Yorùbá ti kúrò ní èdè tí wọ́n fi ń tajà tàbí tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí. Ó sá wọ inú orin òrìṣà, inú ẹbọ àti inú irinṣẹ́. Ẹni tí kò lè kí ìyá rẹ̀ "ẹ káàárọ̀" mọ ibi tí ṣáṣá wà lára ìlù.

Bàtá tiwọn sọ nǹkan kan nù pẹ̀lú. Bàtá ilé ń sọ̀rọ̀. Onílù lè fi ẹnà bàtá pe orúkọ rẹ, kó ki ọ́ débi tí omi á fi bọ́ lójú rẹ, nítorí ìró ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni èdè wa rọ̀ mọ́. Níbi tí etí kò bá ti mọ ìró ohùn yẹn mọ́, gbólóhùn á di ọ̀wọ́ ìlù tí a há sórí. Onílù Kúbà ń lu ọ̀wọ́ ìlù fún Ẹlẹ́gbára, fún Ògún, fún Ọbàtálá, fún Ṣàngó, fún Ọ̀ṣun, ní títò lẹ́sẹẹsẹ. Ṣíṣì ẹyọ kan lù, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí ẹni tó há Kùránì sórí láìgbọ́ Lárúbáwá, ó pa ohun tí kò lè túmọ̀ mọ́. A kò gbọdọ̀ fojú kéré irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ èdè náà dáadáa, a kò sì há nǹkankan sórí.

Bàhíà

Ní Bàhíà, ìlù mìíràn ni wọ́n bí. Atabaque ni wọ́n ń pè é, mẹ́ta náà ni: rum, rumpi àti lé. Ọ̀rọ̀ Fọ̀n ló wà lára àwọn orúkọ náà, nítorí àwọn Nagô àti àwọn tó wá láti Dàhòmì ń sin òrìṣà àti vodun ní agboolé kan náà. Olórí onílù, alabê ni oyè rẹ̀, ìyẹn alágbè. Wọ́n ń fi ọ̀já aṣọ wé ìlù lára, wọ́n ń bọ ọ́, wọ́n sì ń foríbalẹ̀ fún un kí wọ́n tó lù ú. Nínú ọ̀wọ́ ìlù tí wọ́n ń pè ní Kétu, igi ni wọ́n fi ń lù ú. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ijexá, ọwọ́ lásán ni, ó sì tutù bí omi Ọ̀ṣun.

Ọlọ́pàá ń wọ ilé òrìṣà, wọ́n ń kó ìlù lọ. Bí èyí ti le tó, títí di 1976 ni ilé òrìṣà ní Bàhíà fi ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lu ìlù nínú ilé wọn. Ní 1984, ìjọba àpapọ̀ Bràsíl kéde Casa Branca, ilé òrìṣà àtijọ́ tí a tún mọ̀ sí Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó, gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún mẹ́jọ péré ló wà láàrin méjèèjì. Àwọn ìyálórìṣà kò dúró de ọjọ́ yẹn kí wọ́n tó máa lù ú.

Kí ó tó di ìgbà náà, ìlù ti jáde sí ìgboro fúnra rẹ̀. Ní 1949, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Salvador dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀. Aṣọ funfun àti láwàní ni wọ́n wọ̀, ìlù ijexá ni wọ́n sì ń lù. Orúkọ Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́nu gbogbo ìlú, pẹ̀lú ti àwọn tí kò mọ ọ̀nà Iléṣà. Ní 1974, ẹgbẹ́ Ilê Aiyê tẹ̀lé wọn. Ẹni bá gbọ́ orúkọ náà kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀.

Láti orí ẹní dé orí ìtàgé

Ní àwọn ọdún 1930, Ortiz bẹ àwọn àgbà onílù kan pé kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ bàtá níta ilé òrìṣà. Pablo Roche, tí a mọ̀ sí Okilakpá, wà lára wọn. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ ìlù mìíràn tí Àyàn kò sí nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Mo ka èyí sí ọgbọ́n ńlá. Wọ́n ya ohun tí a lè fi hàn kúrò lára ohun tí a kò gbọdọ̀ tà, wọ́n sì pa méjèèjì mọ́. Láàrin 1952 sí 1955, Ortiz tẹ ìwé alápá márùn-ún lórí ohun èlò orin ilẹ̀ Kúbà tó ti Áfíríkà wá. Ní 1962, ìjọba Kúbà dá ẹgbẹ́ ijó ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, àwọn ọmọ Añá sì di olùkọ́ níbẹ̀.

Àwọn onílù náà tún ṣí lọ. Francisco Aguabella àti Julito Collazo bá ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham dé Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ní 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kó ènìyàn láti èbúté Mariel ní Kúbà lọ sí Florida, Orlando Ríos tí wọ́n ń pè ní Puntilla wà nínú wọn. Ìlú New York ló forí lé, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìgbà kejì nìyí tí bàtá kọjá omi. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó gbé e lọ kò sí nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan ti ṣáájú Puntilla dé New York. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì, gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950. Ní 1960, àwo rẹ̀ Drums of Passion jáde. Ní 1967, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà kan ní Harlem, níbi tí ọmọdé àti àgbà ti ń kọ́ ìlù. Olatunji kì í ṣe ọmọ Àyàn. Ohun tí a gbìn sí i lára ní kékeré létí ọ̀sà ló fi ń kọ́ àwọn tí baba ńlá wọn ti gbàgbé orúkọ ìlú wọn.

Ìlù tó padà wálé

Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni òkun. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835, àti lẹ́yìn tí oko ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀ ní Bràsíl ní 1888, ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí Èkó, Wídà àti Pọ́tónófò. Àgùdà ni a pè wọ́n. Àwọn tí wọ́n kó Yorùbá lọ sí Bràsíl wá di ẹni tó ń kó Bràsíl bọ̀ ní Yorùbá. Ní Pópó Àgùdà, wọ́n lu sáḿbà, wọ́n gbé ère màlúù jó, wọ́n bojú jáde ní Carẹ́tà. Ní Wídà àti Pọ́tónófò, buriyan ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n sì ń kọrin ní èdè Potogí. Ọmọ ẹni tó tọ́jú ìlù Áfíríkà ní Bàhíà ń tọ́jú ìlù Bàhíà ní Áfíríkà. Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀, ọwọ́ kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Àwo orin náà wá. Láti 1933, ilé iṣẹ́ HMV ń ta àwọn àwo GV ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orin Kúbà ló sì kún inú wọn. Àwọn tó gbọ́ ọ rò pé orin tuntun ni. Etí wọn ló mọ̀ pé kì í ṣe àjèjì. Láìpẹ́, ìlù gígùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàrin àwọn ìlù wa, tí a fi ọwọ́ lù: àkúbà. Orúkọ rẹ̀ kò fi ibi tó ti bọ̀ pamọ́.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti dé ìloro wa. Haruna Ishola, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1919, ni ó gbé àpàlà ga, Ìjẹ̀bú-Igbó ló sì fi ṣe ilé. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948 jẹ́ orin nípa Orímolúṣì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tà. Nígbà tó tún orin náà kọ ní 1955, ni ayé mọ̀ ọ́n. Ohun èlò rẹ̀ ni àdàmọ̀, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti àkúbà. Kò fi gìtá sí i, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ní 1969, òun àti I. K. Dairo dá ilé iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀, kí olórin lè ni iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò kọ́ ọ sí Èkó. Ní 1983 tó kú, Musiliu ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó kan náà ni Batile Alake ti gbé wákà, orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí, kúrò ní ilé ìkómọ dé inú àwo. Salawa Abeni, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tẹ̀lé e ní 1976, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Àwọn tó wà nílé

Ó rọrùn láti rò pé ẹni tó lọ ló wà nínú ewu, pé ẹni tó dúró sílé ti ní i. Ìtàn Ìjẹ̀bú kò gbè wá lórí èyí. Gbẹ̀du ń dún fún ọba, àgbá ń dún ní ilédì Òṣùgbó, Agẹmọ mẹ́rìndínlógún sì ń jó lọ sí Ìmọ̀sàn lọ́dọọdún. Lẹ́yìn 1892, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí gba ìlú. Ọ̀pọ̀ ìlù di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń tijú rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó gbé wa lọ, àmọ́ àwa náà di ẹni tó jìnnà.

Bí a ṣe bọ́ nínú rẹ̀ jọ ọgbọ́n àwọn cabildo Havana. Balógun Kúkù gba Ìsìláàmù ní 1902. Òun tó ti ń fi ìlù, ẹṣin àti ìbọn ṣọdún fún òrìṣà kò pa ìlù, ẹṣin àti ìbọn tì. Ó kó wọn lọ sí ojúde Awujalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tó fún àwọn Mùsùlùmí láyè. Òun ló di Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá. Nígbà tí Awujalẹ̀ Sikiru Kayode Adetona, tó jọba láti 1960 títí di 2025, tún gbé rẹ́gbérẹ́gbé dìde, gbogbo ẹni tí a bí ní sáà kan náà tún ní ẹgbẹ́ tó ń jó wọlé lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè yọjú láìní onílù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ nítorí ọjọ́ náà. Bó bá dé, onílù á fi dùndún kì í, á pe orúkọ baba rẹ̀ tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ọdún tó kọjá. Owó ló kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí, ṣùgbọ́n mo ti rí ojú àgbà ọkùnrin tó yí padà ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó rà kọ́ ló gbà.

Ohun mẹ́ta ni Kúbà àti Bàhíà fi kọ́ mi. Ìlù nílò ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Ó nílò ẹni tó ń lù ú. Ó sì nílò ọjọ́ tí kò ṣeé má lù ú. Ojúde Ọba ti fún wa ní ẹ̀kẹta, Ọlọ́run ṣeun. Ẹni tó ń lù ú ṣì wà, àmọ́ ó ń dín, nítorí ọmọ onílù náà fẹ́ lọ sí yunifásítì, ó sì yẹ kó lọ. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ni ọkàn mi ń gbọ̀n fún jù. Igi ọmọ̀ ń ṣọ̀wọ́n bí oko ti ń di ilé. Agbẹ́gi tó mọ bí a ṣe ń wo igi, bí a ṣe ń jẹ́ kó gbẹ, bí a ṣe ń dán an lára títí á fi dún, bí kò bá ní ọmọṣẹ́, òun gan-an ni Àyànbí tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìtọ́jú, tó ń gbọ́ ìlù tí kò pé. Bí Àyàn kò bá lè dúró sínú ẹ̀jẹ̀ nìkan mọ́, àwa náà lè ṣe bí Kúbà: ká fọ ọwọ́ ọmọ tó bá fẹ́ ẹ, láti agboolé yòówù kó ti wá, ká kọ́ ọ ní tọkàntọkàn, ká sì jẹ́ kó búra.

Mo padà sọ́dọ̀ Òṣífẹ́kúndé. D'Avezac fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kó gba Sàró padà sílé, sí Ìjẹ̀bú. Ó ti di ẹni òmìnira ní Paris, nítorí òfin Faransé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹrú ní ilẹ̀ wọn. Ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀ fún un. Kò gbà á. Bràsíl ni ó yàn, níbi tí ìdè ẹrú ti lè tún mú un, nítorí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó fi orí ẹfun sílẹ̀ fún àwọn tó ń gba àwòrán, ó wọkọ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀.